Ẹ̀yìnkùlé Ni Oògùn Wà

  

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni mo fẹ́ kí a jọ wò ní ẹ̀yìnkùlé lónìí. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni oògùn wà, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ewé òrìṣà wà fún gbogbo ilé olórìṣà tó wà ní ìlú yìí. Bí a bá ń bá a lọ bí a ṣe ń ṣe é báyìí, tó jẹ́ pé inú ọ̀rá ni ewé wa ti ń wá, láti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí orúkọ ewé nìkan ni yóò kù sí wa lẹ́nu.

Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Àwọn ará wa láti Kúbà ń sọ ọ́, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé òrìṣà náà sì ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: nígbà tí ẹ gbo ewé kẹ́yìn, níbo ni ewé náà ti wá? Ta ló já a? Àárọ̀ ni àbí ọ̀sán? Ǹjẹ́ ẹni tó já a tiẹ̀ kí i kó tó já a? Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè dáhùn, nítorí pé ilé ìtajà la ti rà á, ó ti gbẹ, ó sì ti di èérún.

Ewé gbígbẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀. A lè sè é, a lè lọ̀ ọ́, a lè jó o mọ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ kò ṣeé gbo. Omi ẹ̀rọ̀ ń fẹ́ ewé tútù: òdúndún, tẹ̀tẹ̀, rinrin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí oje wọn máa ń jáde bí a bá fi ọwọ́ méjèèjì gbo wọ́n sínú omi. Oje yẹn ni iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí oje, omi lásán la dà lé ọmọ lórí. Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n orí tí a fẹ́ tù kò yẹ ní ohun tí a ó fi èérún tù.

Àwọn mìíràn ń gbára lé ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀. Àbúrò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a ó ní kó bá wa di ewé àti egbò díẹ̀ sínú àpótí. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já sí ní pápákọ̀ òfurufú. Òfin Amẹ́ríkà ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ewé, irúgbìn, egbò, èso tàbí erùpẹ̀ wọlé sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè. Ọ̀pọ̀ ewé tútù àti irúgbìn ló sì nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ tí wọ́n ti wá, pé kòkòrò tàbí àrùn kò sí lára wọn. Ẹni tí kò bá sọ, wọ́n á gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á bà á jẹ́, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e. N kò pe òfin náà ní ìkà. Àrùn tó ń pa igi ọsàn, tí kòkòrò kékeré kan ń gbé kiri láti ara igi dé ara igi, ti wọ Texas láti ọdún 2012, ọ̀pọ̀ igi ló sì ti bá a lọ. A kò fẹ́ kí a gbọ́ pé inú àpótí olórìṣà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ewu mìíràn tún wà, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ewé tí ó wà lórí igi ní ojú tí a fi ń dá a mọ̀. Ó ní ìtànná, ó ní òórùn, ó ní bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Èérún inú ọ̀rá kò ní ojú. Ní agbègbè wa níbí, òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní oleander. Ó pọ̀ ní Galveston débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ki ìlú náà, ó sì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Houston. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀, igi rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ ni májèlé tó ń mú ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gẹgẹmu náà wà, àwọn èèyàn ń gbìn ín sí iwájú ilé nítorí òdòdó rẹ̀ tó dà bí fèrè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń da orí rú, ó sì lè pani. Bí irú ewé bẹ́ẹ̀ bá gbẹ, tí ó di èérún, tí ẹnì kan sì ṣèèṣì dà á sínú ọ̀rá tí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí, ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó gbin ewé fúnra rẹ̀, tó rí i láti kékeré, tó rí i nígbà tó tanná, kì í ṣì í mú.

Àwọn kan ń fojú wo ọ̀rọ̀ gbígbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé bí àṣà tuntun tí àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sú ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ìlú tí a ń gbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù May ọdún 1862, Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin pé ẹni tó bá gbé lórí ilẹ̀ ìjọba fún ọdún 5, tó kọ́lé sí i, tó sì ro ó, lè gba éékà 160. Texas ní ilẹ̀ tirẹ̀, òfin yẹn kò kàn án. Nígbà tí ilé aṣòfin Texas sì máa ṣe òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 1866, ọdún kan lẹ́yìn tí ìròyìn òmìnira dé Galveston ní ọjọ́ 19 oṣù June 1865, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni dúdú tó bá fẹ́ ilẹ̀, àfi kó rà á.

Wọ́n sì rà á! Ní 1872, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú, pẹ̀lú Jack Yates tó jẹ́ pásítọ̀ láàárín wọn, da owó jọ, wọ́n ra éékà 10 tó di Emancipation Park títí dòní. Ní nǹkan bí àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn èèyàn dúdú láti ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Houston, níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ ní éékà éékà, tí kì í ṣe ní pulọ́ọ̀tì kékeré bíi ti àárín ìlú. Ibẹ̀ ni orúkọ Acres Homes ti wá. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ éékà ni pé wọ́n fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, wọ́n fẹ́ sin adìyẹ àti ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ nígboro kí wọ́n sì máa jẹun láti ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìlú Houston bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á mọ́ra. Nítorí náà, ọmọ ilé wa tó bá gbin ẹ̀fọ́ ní Houston lónìí, kì í ṣe àṣà àlejò ló dá. Ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú ló ń tọ̀.

Ẹ tún wo àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Brazil. Wọn kò di ewé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ ẹrú. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo igbó, wọ́n sì ń béèrè. Èyí tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á pè é ní orúkọ rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá rí, wọ́n á wá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ jọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Kúbà fi ń pe ewé kan ní verdolaga tí àwọn olórìṣà wọn sì ṣì mọ̀ ọ́n sí ewé pápásán. Ẹ bojú wo ojú ọ̀nà ilé yín lẹ́yìn òjò, láàárín kọnkéré tó là. Pápásán ló ń hù níbẹ̀ yẹn! Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Ewé kì í béèrè ìwé ìrìnnà. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti ìbépẹ tí a kà sí ti ilé wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lọ. Ewé Akíntọ́lá tí àwọn ìyá wa máa ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí ni orírun rẹ̀, ó sì ń hù ní gúúsù Texas. Ọ̀rúndún tó kọjá ló tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ewé tó ti ibí lọ tó sì gba orúkọ níbẹ̀, ṣé a wá lè sọ pé ilẹ̀ ibí kò bá ewé wa mu?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò fẹ́ bá mi wí. Wọ́n á ní, “Ìwọ yìí, o fẹ́ tú awo síta ni? Ọ̀rọ̀ ewé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí n tó fèsì. Ìtàn kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé nígbà kan, gbogbo ewé wà nínú igbá Ọ̀sanyìn nìkan, àwọn òrìṣà yòókù a sì máa lọ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan ni afẹ́fẹ́ Ọya jà, igbá ṣí, ewé fọ́n ká, olúkúlùkù sì ṣa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára inú ewé kò kúrò lọ́wọ́ Ọ̀sanyìn. Títí dòní, òun náà la ń kí kí a tó já a. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ewé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń pè sí i. Ọfọ̀ ni awo. Bí a ṣe ń to ewé mọ́ra ni awo. Ìgbà tí a ń lò ó àti ẹni tí a ń lò ó fún ni awo. Ṣùgbọ́n orúkọ ewé, bí a ṣe ń gbìn ín, bí a ṣe ń bomi rin ín, bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé, èyí kì í ṣe awo. Ìmọ̀ àgbẹ̀ ni. Bí a bá fi ìmọ̀ àgbẹ̀ pa mọ́ bí ẹni ń pa awo mọ́, àgbà á lọ, á sì gbé e lọ.

Bí ẹnì kan bá sì rò pé kíkọ ewé sílẹ̀ ni yóò ba ẹ̀sìn jẹ́, kó rántí pé wọ́n ti kọ ọ́ tipẹ́. Lydia Cabrera tẹ El Monte jáde ní Havana ní 1954, ọ̀rọ̀ ewé àwọn àgbà Kúbà ló kún inú rẹ̀. Pierre Verger, tí a mọ̀ sí Fátúmbí, tẹ ìwé ńlá tirẹ̀ lórí ewé Yorùbá jáde ní Brazil ní 1995, orúkọ ìwé náà gan-an ni Ewé. Ẹ̀sìn kò bàjẹ́. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí ìwé wà lórí pẹpẹ nígbà tí ewé kò sí nílẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní àyè kò sí. Iṣẹ́ alẹ́ ń bẹ ní ọsibítù, ọmọ ń bẹ nílé ìwé, yàrá àyágbé sì ni à ń gbé, kò sí ẹ̀yìnkùlé. Òótọ́ ni. Èmi kò ní kí ẹ di àgbẹ̀ ńlá. Ìkòkò márùn-ún péré lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín ti tó láti bẹ̀rẹ̀: òdúndún kan, rinrin kan, efinrin kan, àbámọdá kan, ewé tíì kan. Àbámọdá kò fẹ́ ju kí ẹ fi ewé rẹ̀ kan lélẹ̀ lórí erùpẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á hu ọmọ láti etí ewé. Rinrin fẹ́ òjìji àti ọ̀rinrin, ó tilẹ̀ máa ń dá hù nínú ìkòkò òdòdó ẹlòmíràn.

Fún ẹni tó bá ní ilẹ̀, Houston dára ju bí a ṣe rò lọ. Òjò tó nǹkan bí íǹṣì 50 ló ń rọ̀ lọ́dún. Ooru tó ń pa lẹ́tísì àwọn aládùúgbò wa nínú oṣù Òkúdù ni ewédú fẹ́. Láti ìdajì oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí otútù bá ti kọjá, ẹ lè gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ìṣápá. Irúgbìn ewédú máa ń sùn. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ kì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kíákíá kí ẹ tó fún un. Gbúre kò nílò ìtọ́jú púpọ̀. Bí ẹ bá gé e, á tún hù. Ìṣápá ń dúró de ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú kó tó tanná, nítorí náà oṣù Ọ̀wàrà ni ẹ ó máa ká a, kí otútù tó dé. Ewúro fẹ́ràn ibí púpọ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ẹ kì í bọlẹ̀, ó parí. Bí otútù bá pa á dé ilẹ̀, ẹ má hú u. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ẹ dúró de oṣù Igbe.

Otútù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù February 2021, ìwọ̀n otútù já sí 13 lórí ìwọ̀n Fahrenheit ní Houston, iná lọ, omi lọ, èèyàn kú. Ọ̀pọ̀ ìdí ewúro tó ti wà fún ọdún pípẹ́ kò sì hù mọ́. Ní January 2025, yìnyín bo ìlú. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ ni pé kí ilé kan má dá ewé kan ní. Bí ewé bá wà ní ilé mẹ́wàá, tí otútù pa á ní mẹ́sàn-án, ẹni kẹwàá á gé igi fún gbogbo wa. Bí ó bá wà ní ilé kan ṣoṣo, ó tán nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ewé pàápàá, àgbájọ ló fi ń yè.

Ní ọjọ́ 8 oṣù July 2024, nígbà tí ìjì Beryl jà, ilé tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni kò ní iná, àwọn kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀fọ́ inú fíríìjì rà. Ẹ̀fọ́ inú ilẹ̀ kò rà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Houston ló mọ́. Ní Fifth Ward, wọ́n fi creosote pa igi ojú irin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wọ inú ilẹ̀. Ní 2019, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Texas rí i pé àrùn jẹjẹrẹ kan pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín àwọn tó ń gbé ládùúgbò náà. Ilé àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ní òjé máa ń da òjé sí ilẹ̀ ìdí ògiri, ẹ̀fọ́ sì lè fà á. Ìkún omi Harvey ní August 2017 gbé ìdọ̀tí àti epo wọ ọ̀pọ̀ àgbàlá. Nítorí náà, kí ẹ tó gbin ohun tí ẹ ó jẹ, ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò Texas A&M AgriLife ní College Station, kí ẹ sì ní kí wọ́n wo òjé pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá ní ìdánilójú, ẹ kan pákó yí ibì kan ká, ẹ da ilẹ̀ tuntun àti ààtàn tó ti jẹrà sí i, kí ẹ gbìn sókè. Amọ̀ dúdú tó le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́, omi ìkún náà kò sì ní tètè dé ìdí ewé yín.

Ní ti òfin, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Ní 1993, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá àwọn Lukumí láre lórí ìlú Hialeah ní Florida. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dá olórìṣà kan, José Merced, láre lórí ìlú Euless ní Texas níbí, pé ó lè bọ òrìṣà rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti bọ kò pa òfin ìmọ́tótó rẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìlú bí ilé adìyẹ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé aládùúgbò tó, kí ẹ sì ka ìwé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín kí ẹ tó ra adìyẹ. Láti 2011 ni òfin Texas ti gbà kí èèyàn máa ta irú oúnjẹ kan tó ṣe nílé, ewé gbígbẹ sì wà lára ohun tí ó gbà báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ sára ọ̀rá pé ó ń wo àrùn báyìí sàn, oògùn ni ìjọba àpapọ̀ yóò kà á sí, wàhálà yóò sì dé.

Lórí ọ̀rọ̀ ìlera, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní fi falẹ̀. Ewé ń jẹ́. Nítorí pé ó ń jẹ́ gan-an ni ó fi yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Ejìnrìn àti ewúro máa ń fa ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó tún ń mu àgbo ejìnrìn láràárọ̀ láìsọ fún dókítà, lè dá kú sórí stíáríǹ ọkọ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu ejìnrìn rárá. Ẹ sọ fún dókítà yín ohun tí ẹ ń mu, ẹ kọ orúkọ tí òyìnbó mọ̀ ọ́n sí fún un. Kì í ṣe ìtìjú. Ọ̀sanyìn kò bá dókítà jà.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní, kí ilé wa yan ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà àti ọ̀kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, kí olúkúlùkù mú irúgbìn tàbí igi ewé wá láti fi ṣe pàṣípààrọ̀, láìgba owó. Àwọn èèyàn Urban Harvest ti ń ran ọgbà àdúgbò lọ́wọ́ ní ìlú yìí láti 1994. Ẹ jẹ́ kí a lọ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn, kí àwa náà sì kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ ewédú.

Èkejì, kí a ní ìwé kan ní ojúbọ, tí a ó kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sí ní Yorùbá, ní ti Lukumí, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní ti àwọn onímọ̀ ewé, kí a lẹ ewé náà gan-an mọ́ ọn, kí àgbà méjì tó dá a mọ̀ fọwọ́ sí i. Ewé tí àgbà méjì kò bá fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìyàwó tuntun, ì báà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọmọ Kúbà tàbí ọmọ Amẹ́ríkà, gbin ewé òrìṣà rẹ̀ kan kó tó pé ọdún kan. Mo mọ̀ pé èyí á le fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n a ń ná owó púpọ̀ lórí aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìkòkò kan àti erùpẹ̀ kò wọ́n tó ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan.

Ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ nípa Ọ̀sanyìn, pé wọ́n rán an lọ pa oko, ó sì dúró lójú oko láìge ohunkóhun, nítorí pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ ge, ó ń rí àrùn tó ń wò. Àwa ní tiwa, a ń san owó fún ẹni tó ń bá wa gé koríko lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó ń gé pápásán, ó ń gé tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, ó ń kó wọn sínú ọ̀rá ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà la ó wọ mọ́tò lọ sí Bissonnet láti lọ ra ewé tó ti di nínú fíríìsà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pè é ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jáde síta láàárọ̀ kùtù, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ohun tó hù.

Kí ilẹ̀ má ṣe jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sódì. Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí ewé wa jẹ́. Kí ọwọ́ tó gbìn ká, kí ẹnu tó kí ewé má kan. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.